Bí tọkọtaya ṣe lè ti Abẹ́òkúta lọ sinmi ní Sun City láìjẹ gbèsè bọ̀

Bí ọ̀rọ̀ ìsinmi ní ìlú kàsínò, ìyẹn ilé tẹ́tẹ́ ńlá, bá délẹ̀, Las Vegas ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ibẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ jìn, aago wọn sì fi wákàtí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án wà lẹ́yìn tiwa. Ìdajì ìsinmi ni ẹ ó fi máa tòògbé. Sun City ní Gúúsù Áfíríkà sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàálù tó bá lọ tààrà láti Èkó sí Johannesburg máa ń lo nǹkan bí wákàtí mẹ́fà, wákàtí kan péré sì ni aago wọn fi ṣáájú tiwa.

Ìlú ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ọgbà ìgbafẹ́ ńlá ni. Ó wà ní ìpínlẹ̀ North West, nítòsí Rustenburg, nǹkan bí 140 kìlómítà sí Johannesburg. Oríṣiríṣi hòtẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀, kàsínò wà níbẹ̀, òkun àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní Valley of Waves wà níbẹ̀, pápá gọ́ọ̀fù méjì wà níbẹ̀, igbó ẹranko Pilanesberg sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Ọjọ́ 7 oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1979 ni oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Sol Kerzner ṣí i. Nígbà náà, òfin Gúúsù Áfíríkà kò gba tẹ́tẹ́ láyè, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Bophuthatswana ni ọgbà náà bọ́ sí, ilẹ̀ tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà sọ pé ó ti gba òmìnira, tí àgbáyé kò sì kà sí orílẹ̀-èdè. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ olórin fi kọ̀ láti ṣeré níbẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1990. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti kógbá sílé láti ọdún 1994. Ibẹ̀ náà sì ni Agbani Darego, ọmọ Nàìjíríà, ti gba adé Miss World ní ọjọ́ 16 oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún 2001. Ẹni tó bá tó ọmọ ogójì ọdún báyìí kò ní gbàgbé bí inú wa ṣe dùn tó lọ́dún náà.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọ̀nà pọ̀n.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ parí ọ̀rọ̀ owó nílé

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tó sábà máa ń ba irú ìrìn-àjò yìí jẹ́ ni owó tí ọkọ mọ̀ tí ìyàwó kò mọ̀, tàbí èyí tí ìyàwó rò pé ọkọ mú dání tí kò mú dání. Ìyẹn ni mo ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú físà àti tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ bá ti sùn, kí ẹ mú ìwé kan àti bírò. Ẹ pín owó náà sí mẹ́rin. Èkíní ni owó tí kò ṣeé yẹ̀: físà, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, hòtẹ́ẹ̀lì, owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀. Èkejì ni ti oúnjẹ àti fàájì. Ẹ̀kẹta ni owó pàjáwìrì, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn àfi tí àìsàn bá dé tàbí tí bàálù bá já yín kulẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni owó tẹ́tẹ́, bí ẹ bá máa ta rárá. Ráńdì, owó Gúúsù Áfíríkà, ni kí ẹ fi ṣírò gbogbo rẹ̀, kì í ṣe náírà, torí pé iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ráńdì lónìí lè má jẹ́ iye tọ̀la. Ẹ fi díẹ̀ kún un nítorí ìyẹn.

Lórí ẹ̀kẹrin yẹn, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ yanjú pátápátá. Báyìí ló ṣe yẹ kó rí:

"Bàbá Ṣẹ́gun, èló lẹ fẹ́ ká fi ta tẹ́tẹ́ lọ́hùn-ún?"

"Ẹgbẹ̀rún méjì ráńdì, fún àwa méjèèjì."

"Tó bá tán ńkọ́?"

"A ó dìde, a ó lọ jẹun."

Ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ bí ẹ ṣe sọ ọ́. Owó tẹ́tẹ́ ni owó tí ẹ ti gbà lọ́kàn yín pé kò ní padà wá. Bí ó bá padà, ọpẹ́ ni. Tí ẹ̀sìn yín bá kọ̀ ọ́, tàbí tí ọ̀kan nínú yín bá mọ̀ pé òun kì í lè dá ara òun dúró bí òun bá ti bẹ̀rẹ̀ Bàbá Ìjẹ̀bú tàbí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí fóònù, òdo ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ènìyàn lè gbádùn Sun City láti àárọ̀ dalẹ́ láìdé ẹnu ọ̀nà kàsínò.

Owó tí ẹ ti kó jọ ni kí ẹ fi lọ. Àjọ dára, owó tí ẹ ń fi pamọ́ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó alájẹṣẹ́kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ilé kíkọ́, fún ọjà àti owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Oṣù tí ẹ bá dé náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ nínú owó oṣù yín, inú tó dùn níjọ́sí á sì di ìjà nínú yàrá.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan oṣù tí ẹ máa lọ

Ojú ọjọ́ tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Láti Nòfẹ́ńbà sí Fẹ́búárì, ooru máa ń mú, òjò àrá sì máa ń rọ̀ lọ́sàn-án. Àkókò yẹn ni omi dùn ún wẹ̀ jù, àmọ́ ní Dìsẹ́ńbà àti ìbẹ̀rẹ̀ Jánúárì, àwọn ọmọ ilé ìwé wọn wà nílé, gbogbo ibi á kún, owó hòtẹ́ẹ̀lì á sì gbẹ́nu sókè. Ìdíje gọ́ọ̀fù Nedbank tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀ lápá ìparí ọdún náà máa ń kó èrò wá. Láti Júùnù sí Ọ́gọ́ọ̀sì, òtútù wọn dé nìyẹn: ọ̀sán á mọ́lẹ̀ kedere, oòrùn á ràn, àmọ́ òwúrọ̀ àti alẹ́ lè tutù débi pé omi inú ìgò tí ẹ gbàgbé síta á fẹ́rẹ̀ẹ́ di yìnyín. Koríko máa ń gbẹ nígbà náà, ẹranko sì máa ń hàn dáadáa.

Lójú tèmi, Sẹ̀tẹ́ńbà ló dára jù fún tọkọtaya. Òtútù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, òjò kò tíì dé, koríko ṣì gbẹ, ẹ sì lè wọ omi lọ́sàn-án.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìwé

Ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà kó tó wọ Gúúsù Áfíríkà. Èkó ni àwa ará Abẹ́òkúta ti ń lọ gba tiwa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí ẹnu má baà gbẹ yín. Ìwé ìrìnnà yín gbọ́dọ̀ ṣì lọ́jọ́ lórí fún oṣù kan ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò níbẹ̀, kí ó sì ní ojú ewé òfìfo méjì. Wọ́n á fẹ́ rí àkọsílẹ̀ owó yín ní báńkì, lẹ́tà ìsinmi láti ibi iṣẹ́ tàbí ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò yín, ibi tí ẹ máa sùn, àti tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀. Owó tó bá dé sínú àkáǹtì lọ́sẹ̀ kan ṣáájú, tí kò ní orísun, kì í jẹ́ kí wọ́n fọkàn tán ènìyàn. Ìdí mìíràn nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ ti máa kó owó náà jọ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan.

Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ni ọ̀pọ̀ wa kì í rántí. Bó bá jẹ́ ìdána àti ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan lẹ ṣe, ẹ lọ béèrè ní ìjọba ìbílẹ̀ yín bí ẹ ṣe lè gba ìwé sí i, tàbí kí ẹ lọ búra sí i ní kóòtù. Ẹ tún wo orúkọ. Bí orúkọ bàbá ìyàwó bá ṣì wà lórí ìwé ìrìnnà rẹ̀, tí orúkọ ọkọ sì wà lórí ìwé báńkì, ẹ ṣe àtúnṣe rẹ̀ tàbí kí ẹ ní ìwé ìbúra tó ṣàlàyé rẹ̀. Irú ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ti dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró.

Àjẹsára ibà pọ́njú jẹ́ dandan. Ẹ gbà á, ó kéré tán, ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn-àjò, kí ẹ sì gba yẹ́lò káàdì lọ́wọ́ Port Health ti ìjọba, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń rìn káàkiri pápákọ̀ òfurufú. Ẹ̀ẹ̀kan ni ènìyàn ń gba àjẹsára yìí láyé, kò tún ní gbà á mọ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun mọ ẹnìkan nínú tó máa fún yín ní físà láìkọ fọ́ọ̀mù, owó yín ló fẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: hòtẹ́ẹ̀lì

Hòtẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ni ẹ máa gbọ́ orúkọ wọn jù. Cabanas ló rọrùn jù lówó, ó sì súnmọ́ omi adágún. Soho ló wà níbi tí ariwo àti kàsínò wà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn àríyá, ibẹ̀ ni tiyín. Cascades dákẹ́ rọ́rọ́, omi àti igi ló yí i ká. Palace of the Lost City, tí wọ́n ṣí ní 1992, ni ọba gbogbo wọn. Ààfin ni wọ́n fi ṣe àwòrán rẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ gíga tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára.

Èmi á ní kí ẹ sùn ní Cabanas tàbí Cascades, kí ẹ wá fi ọ̀sán kan tàbí alẹ́ kan lọ jẹun ní Palace. Owó tí ẹ bá dá sí níbẹ̀ á san owó igbó ẹranko. Nígbà tí ẹ bá ń sanwó, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ṣé oúnjẹ àárọ̀ wà nínú rẹ̀? Ṣé owó ìwọlé sí Valley of Waves wà nínú rẹ̀? Ṣé wọ́n á dá owó padà bí físà kò bá jáde? Ẹ gba ìdáhùn náà ní kíkọ sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ọdún ìgbéyàwó yín lẹ ń ṣe, ẹ sọ fún wọn ṣáájú. Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì máa ń fi nǹkan kékeré kan bu ọlá fún tọkọtaya.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ilé àti àwọn ọmọ

Ẹ fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀ dáadáa, ìyá àgbà tàbí àǹtí wọn, kí ẹ sì fi owó oúnjẹ àti owó oògùn sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ kọ orúkọ ilé ìwòsàn tí ẹ ń lò àti ohun tí ara ọmọ kọ̀. Ẹ sọ fún òbí méjèèjì pé ẹ ń lọ. Àwọn tó bá kù lè gbọ́ nígbà tí ẹ bá dé. Fọ́tò pápákọ̀ òfurufú lórí Facebook lè dúró. Ẹni tó mọ̀ pé ilé ṣófo kì í ṣe ọ̀rẹ́ nìkan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹrù

Ẹ wo pulọ́ọ̀gì yín. Ẹsẹ̀ mẹ́ta onígun mẹ́rin tí a ń lò níbí kò wọ ihò iná tiwọn. Ẹsẹ̀ mẹ́ta róbótó tó sanra ni wọ́n ń lò. Ẹ ra adápítà kó tó di ọjọ́ ìrìn-àjò, méjì, kí fóònù ọkọ àti ti ìyàwó má baà máa jìjàdù.

Súwẹ́tà àti jákẹ́ẹ̀tì di dandan, kódà bó bá jẹ́ àkókò ooru lẹ ń lọ, nítorí ìdájí inú igbó. Ẹ mú aṣọ ìwẹ̀ tó bójú mu àti fìlà rọ́bà fún irun. Ìyàwó tó bá ṣe àtàṣímẹ́ǹtì tuntun tàbí tó lẹ wíìgì, kí ó mọ̀ pé kẹ́míkà inú omi náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ irun. Dídì wẹ́wẹ́ ló rọrùn jù. Fún alẹ́ tí ẹ máa lọ jẹun, ẹ lọ sí Ìtọ́kú kí ẹ ra àdìrẹ kan náà, kí télọ̀ rán an fún yín méjèèjì. Ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ yàwòrán sí, tó ti wọ inú aró dáadáa, kò sí aṣọ tó máa bò ó mọ́lẹ̀ ní gbọ̀ngàn ilé oúnjẹ yẹn. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nílé kí ẹ tó kó o sápò, kí aró má baà ràn mọ́ aṣọ funfun.

Ẹran gbígbẹ, èso àti irúgbìn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Aṣọ́bodè á gbà á.

Ìgbésẹ̀ keje: ọjọ́ ìrìn-àjò

Bí bàálù yín bá jẹ́ ti ọ̀sán, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ kúrò ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sùn sí Ìkẹjà. Ọ̀nà Ṣángo-Ọ̀tà lè há gádígádí láìsọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà Ṣàgámù tó já sí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni mo fọkàn tán jù. Ọkọ̀ ojú irin náà wà: ẹ wọ̀ ọ́ ní ibùdó Wole Soyinka ní Abẹ́òkúta, kí ẹ sọ̀ ní Agége, ibẹ̀ kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú. Ẹ kàn rí i pé ẹ wo àkókò tó ń gbéra, kò dà bíi mọ́tò Kútọ̀ tó ń gbéra nígbà tó bá kún.

Ìwé ìrìnnà, yẹ́lò káàdì, ìwé hòtẹ́ẹ̀lì àti tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀, inú àpò tó wà lára yín ni kí wọ́n wà. Ẹ tẹ̀ wọ́n sórí ìwé, ẹ má gbára lé fóònù. Ẹ pín owó sọ́wọ́ méjì, kí ọkọ mú díẹ̀, kí ìyàwó mú díẹ̀, káàdì báńkì náà bẹ́ẹ̀. Owó ráńdì tí ènìyàn lè mú wọ ilẹ̀ wọn kò gbọdọ̀ ju 25,000 lọ.

Ní O.R. Tambo, pápákọ̀ òfurufú Johannesburg, ẹ fi sùúrù dá àwọn aṣọ́bodè lóhùn: ibi tí ẹ ń lọ, iye ọjọ́, ẹni tó sanwó. Ẹ má gbà kí àlejò kankan ràn yín lọ́wọ́ nídìí ẹ̀rọ ATM, bó ti wù kó múra tó. Pípààrọ̀ káàdì mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ wọ́pọ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: láti Johannesburg dé Sun City

Ọ̀nà náà tó nǹkan bíi wákàtí méjì. Ẹ ti ṣètò mọ́tò hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ti ilé iṣẹ́ arìnrìn-àjò kí ẹ tó kúrò nílé, kí awakọ̀ máa dúró dè yín pẹ̀lú orúkọ yín lọ́wọ́. Bí bàálù yín bá balẹ̀ lálẹ́, ẹ sùn sí Johannesburg kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ má gba ọ̀nà náà lóru.

Ọkùnrin tó bá ní òun máa fúnra òun wa mọ́tò, ó yẹ kó mọ̀ pé apá òsì ni wọ́n ń rìn, ọwọ́ ọ̀tún sì ni sítíárì wà. Àwa ní Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì láti 1972. Ojú títì tó lọ tààrà kì í fa wàhálà. Ibi tí wọ́n ti ń yà, ní oríta tàbí ràńdábáòtù, ni ọwọ́ ti máa ń ṣe ohun tó mọ́ ọn lára. Bí ẹ kò bá tíì wa irú rẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ gbé yín.

Ẹ kí àwọn ènìyàn. Setswana ni èdè ibẹ̀: "Dumela, mma" fún obìnrin, "Dumela, rra" fún ọkùnrin. Ẹnu ọ̀nà ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀rín ẹ̀yẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: bí ẹ ṣe máa lo ọjọ́

Òru mẹ́rin tó. Òru méjì kéré jù fún owó tí ẹ ná sí bàálù, ọ̀sẹ̀ kan gbáko sì máa ń sọ ènìyàn di ẹni tó ń wá kàsínò lọ nítorí pé kò rí nǹkan mìíràn ṣe.

Ọjọ́ tí ẹ bá dé, ẹ sinmi. Ẹ kàn rìn yí ọgbà ká, kí ẹ mọ ibi tí bọ́ọ̀sì inú ọgbà ti ń gbé èrò. Ọ̀la rẹ̀ ni Valley of Waves. Ẹ̀rọ ló ń ru omi ibẹ̀ sókè tó fi ń bì bí òkun, yanrìn funfun sì wà létí rẹ̀. Ẹni tí kò lè wẹ̀, kí ó dúró níbi tí omi kò ju orúnkún lọ. Ìgbì tó kéré lójú máa ń gbé àgbàlagbà ṣubú. Odò kan wà tó ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí ẹ ó jókòó sórí rọ́bà tí á máa gbé yín lọ. Ìyẹn gan-an ni fún tọkọtaya. Ẹ tètè dé, kí ẹ tó máa tò.

Ọjọ́ kẹta jẹ́ ti Pilanesberg, òun ni mo sì kà sí ọkàn ìrìn-àjò náà. Òkè ayọnáyèéfín tó ti kú láti ayébáyé ni ilẹ̀ ibẹ̀, àwọn òkè rẹ̀ tò yíká bí òrùka. Ní ọdún 1979, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n fi kó ẹranko tó tó 6,000 padà sínú igbó náà. Kìnnìún wà níbẹ̀, erin, ẹfọ̀n, àgbáńréré àti àmọ̀tẹ́kùn. Kò sí ibà ẹ̀fọn níbẹ̀, nítorí náà ẹ kò nílò oògùn rẹ̀.

Ìrìn ìdájí tí wọ́n fi ń wo ẹranko ni kí ẹ sanwó fún. Mọ́tò gíga tí kò ní fèrèsé ni ẹ máa wọ̀, òkùnkùn á ṣì wà nílẹ̀, atẹ́gùn á sì gba inú aṣọ yín kọjá. Wọ́n máa ń pín bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ lo ọ̀kan. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́, ẹ ó kọ́kọ́ rí àwọn ìmàdò, lẹ́yìn náà àgùnfọn tó ń já ewé lórí igi ẹ̀gún láìyára. Àkókò tó dùn jù ni ìgbà tí awakọ̀ bá pa ẹ́ńjìnnì. Erin á bọ́ sí ojú ọ̀nà, á gbọn etí, ẹ ó máa gbọ́ bí ẹ̀ka igi ṣe ń ṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má dìde, ẹ má pariwo, ẹ má na ọwọ́ síta. Mọ́tò tí gbogbo èrò inú rẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́ ni ẹranko kì í kà sí. Omi Mankwe ní àárín igbó ni ibi tí erinmi ti máa ń yọjú.

Ọjọ́ kẹrin, ẹ lọ sí Palace. Ẹ wo ère idẹ erin ńlá tó ń jẹ́ Shawu nínú àgbàlá rẹ̀. Erin gidi kan tó gbé ayé rí, tí eyín rẹ̀ gùn bí àlá, ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Tíì ọ̀sán ní gbọ̀ngàn Crystal Court rọrùn lówó ju oúnjẹ alẹ́ lọ, ẹwà ibi kan náà sì ni ẹ máa rí. Ibẹ̀ ni kí ẹ wọ àdìrẹ Ìtọ́kú yẹn sí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn gọ́ọ̀fù, ẹ lọ wo ihò kẹtàlá ní pápá Lost City: ọ̀nì alààyè ló wà nínú kòtò tó wà níwájú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: alẹ́ kàsínò

Ẹ fi í sí alẹ́ tí ẹ ti jẹun yó, kí ó má jẹ́ alẹ́ tí ẹ bá ara yín jà tàbí tí ẹ ti mutí. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò lè wọlé. Ẹ mú ìwé ìrìnnà. Ẹ fi káàdì báńkì sílẹ̀ sínú séèfù yàrá, owó tí ẹ kọ sínú ìwé nílé nìkan ni kí ẹ mú lọ. Ẹ ṣètò aago fóònù sí wákàtí kan ààbọ̀, nítorí pé ẹ lè má rí aago lára ògiri, ẹ kò sì ní rí ojú ọ̀run.

Ẹ kọ́kọ́ rìn yíká láìta. Iye owó tó kéré jù tí ènìyàn lè fi sílẹ̀ máa ń wà lára pátákó tábìlì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ owó sí owó ike, ẹ gbé e sórí tábìlì. Ẹni tó ń pín káàdì kò gbọdọ̀ gbà á láti ọwọ́ yín. Ẹ má ya fọ́tò.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ilé tẹ́tẹ́ ṣe ń jẹun. Ẹ wo róléètì, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń yí. Èyí tó ní òdo kan ní ojú 37, láti 0 dé 36. Ká ní ẹ fi 100 ráńdì sí gbogbo ojú náà lẹ́ẹ̀kan, 3,700 ráńdì lẹ ti kó sílẹ̀. Ojú kan gbọ́dọ̀ jẹ. Wọ́n á san ìlọ́po 35, ìyẹn 3,500, wọ́n á sì dá 100 tó jẹ náà padà: 3,600. Ẹ kò fo ojú kankan, síbẹ̀ 100 ti lọ. Bí kẹ̀kẹ́ bá ní òdo méjì, ojú á di 38, owó tí wọ́n ń san kò sì ní yí padà. Ẹ fi irú rẹ̀ sílẹ̀. Ní tábìlì eré káàdì tí wọ́n ń pè ní blackjack, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí aṣọ tábìlì: níbi tí wọ́n bá kọ 3 sí 2, ẹni tó fi 100 sílẹ̀ tó sì gba blackjack, ìyẹn ojú 21 pẹ̀lú káàdì méjì àkọ́kọ́, á jẹ 150, níbi tí wọ́n bá kọ 6 sí 5, 120 ni.

Ní ti ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ tó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ló ń mú nọ́ńbà tuntun ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ tí kò tíì san owó láti àárọ̀ kò súnmọ́ àtisan ju èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san lọ. Ìgbàgbọ́ pé "ó ti tó àsìkò rẹ̀" ló ń jẹ owó ilé.

Bí ọ̀kan nínú yín bá jẹ, ẹ mú owó tí ẹ gbé wá kúrò níbẹ̀, kí ó wọ àpò ìyàwó, kó má sì jáde mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí owó bá tán kí aago tó dún, ẹ dìde. Bí aago bá dún kí owó tó tán, ẹ dìde. Ẹnì kan nínú yín gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti sọ pé "ó tó," kí ẹnì kejì má sì jiyàn níwájú èrò. Ẹ ti sọ ọ́ nílé. Bí ẹ bá rí i pé ọwọ́ ọkọ tàbí aya yín ń gbọ̀n láti padà lọ, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Gúúsù Áfíríkà ní ètò ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tí tẹ́tẹ́ ti di bárakú fún, ẹ béèrè nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kàsínò.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn: àbọ̀

Owó orí ọjà, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, wà lórí ohun tí ẹ bá rà, wọ́n sì máa ń dá a padà fún àlejò lórí ẹrù tó ń bá a lọ sílé, bí gbogbo rẹ̀ bá ju 250 ráńdì lọ. Oúnjẹ tí ẹ jẹ àti yàrá tí ẹ sùn kò sí nínú rẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì tó ní àkọlé owó orí láti ṣọ́ọ̀bù, ẹ má di ẹrù náà mọ́ inú àpótí ńlá kí aṣọ́bodè tó rí i, kí ẹ sì dé pápákọ̀ òfurufú ní wákàtí mẹ́rin ṣáájú.

Nínú bàálù, ẹ mú ìwé tí ẹ kọ nílé jáde. Ẹ fi ohun tí ẹ ná sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí ẹ pinnu, kí ẹ pín ohun tó kù báyìí, torí pé bí ẹ bá ti dé ilé, ẹ̀bùn àwọn ọmọ àti ti ẹbí á gbé e mì. Ẹ tọ́jú rìsíìtì hòtẹ́ẹ̀lì àti ìwé ìrìnnà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ àbọ̀ sí. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ gba físà, ibikíbi tó wù kó jẹ́, ìyẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ wò.